Òṣómàáló Lẹ́nu Irin

Bàbá bàbá mi gbé aṣọ lọ sí Adó,
ó tà á láwìn, ó padà lọ sin owó rẹ̀,
ó lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè
títí adìyẹ fi wọlé,
títí ìyàwó onígbèsè fi tú etí ìró rẹ̀ sanwó.
Bàbá tèmi, Ògúnmọ́dẹdé wẹ́dà,
lẹ́yìnkùlé wa ní Ìsọ̀kùn, n'Iléṣà,
irin ló lóṣòó tì.
Ó ní irin jẹ òun ní gbèsè.

Kí ẹnikẹ́ni tó bi mí nípa ìyẹ́, ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ etí.
Etí ni à ń pe irin pẹlẹbẹ
tó so apá bàálù mọ́ ìhà rẹ̀:
ihò mẹ́ta, ìtẹ̀ kan,
kò gùn ju ìka àárín mi lọ.
Odidi èèyàn ni yóò rọ̀ mọ́ ọn
lókè gbogbo òrùlé tó dípẹtà yìí.

Etí kìíní, a kàn fi òòlù tẹ̀ ẹ́ lójú fáìsì ni,
bí ẹni ń ṣe ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.
Bàbá fi awò wo ìtẹ̀ náà,
ó rí ìlà kan, tínínrín bí irun ọmọ tuntun.
Kò bínú. Ó nà án sí mi:
"Ìbíwùmí, fi èékánná wọ́ ọ.
Ibi tó bá ti há, ibẹ̀ nikú ń gbà wọlé."

Etí kejì, páànù funfun tó nípọn.
Mo jí ọṣẹ ìfọṣọ ìyá mi, mo fi kọ ìlà sára rẹ̀;
bí iná bá dé e tí ọṣẹ dúdú, kí n yáa pa iná.
Ọṣẹ dúdú. Mo pa iná.
Páànù tẹ̀ wọ́ọ́rọ́, bí ewé kókò.
Inú wa dùn títí Olówóòkéré fi dé,
ẹni tó ti bá wọn tún bàálù ṣe rí n'Ìkejà.
Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó mi orí:
"Ẹ fi èyí bo ẹ́ńjìnnì. Imú lè rọ̀.
Etí kò gbọdọ̀ rọ̀."
Ìyá mi ṣì ń béèrè ọṣẹ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta wá láti Èkó nínú pépà olóròóró,
nọ́ńbà mẹ́rin lára rẹ̀ bí àmì lára màlúù.
Oṣù kan gbáko.
Bàbá wá ojú irin náà bí agbẹ́gilére ṣe ń wá ojú igi,
ó fi ìdí bóòtù roboto ṣe ìrọ̀rí fún un,
ó tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń tẹ́ arúgbó sùn.
Fáìlì. Sáńpépà. Sáńpépà tó tún fẹ́lẹ́ jùyẹn.
Mo rí eyín mi nínú rẹ̀.
Ihò kékeré ló kọ́kọ́ lu,
ó ń gbẹ́ ẹ díẹ̀díẹ̀,
títí bóòtù fi wọlé bí àna tó ń tijú:
kò jà, kò sì mì.

Lọ́jọ́ Sátidé a dojú bàálù dé,
a ń to àpò yanrìn sórí apá rẹ̀.
Aládùúgbò ní, "Ṣé ilé lẹ fẹ́ kọ́ ni?"
Ní àpò kejìlélógún, apá tẹ̀, ó kérora.
Gbogbo wa sá.
Bàbá nìkan ló lóṣòó tì í pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì,
títí wọ́n fi pe ìrun alẹ́.
Lẹ́yìn náà ó pè mí.
Èékánná mi rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.
Kò há níbì kankan.

Kò tíì fò o.
Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ìjàpá ṣì wà lórí bẹ́ǹṣì,
àwọn ọmọ àdúgbò sì ń pariwo pé ìjàpá tún yá ìyẹ́.
Bàbá ní òótọ́ ni,
ṣùgbọ́n ti àtijọ́ kò wo ohun tí wọ́n fi so ó.

Etí kìíní? Ìyá mi fi há fèrèsé yàrá rẹ̀.
Bí ọyẹ́ bá fẹ́ lóru,
ó máa ń dún.